Kọ̀ǹpútà Eré Ìyá Ìbejì: Ohun Tí Pọ́n-ùn 300 Lè Rà

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló rí wa nínú gbọ̀ngán ní Sátidé ọjọ́ náà, tí a tú páálí ká orí tábìlì tí a máa ń gbé oúnjẹ sí, tí ẹ sì ń bi mí pé, "Tíṣà, ṣé ẹ ti ṣí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ni?" Mo ní kí ẹ fara balẹ̀, pé màá ròyìn rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn wa. Ìròyìn náà rèé.

Ìyá Ìbejì ló ni kọ̀ǹpútà náà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan náà ni èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ lọ ní Nàìjíríà, èmi ń kọ́ físíìsì, òun ń kọ́ bàọ́lọ́jì. Nígbà tí a dé Lọ́ńdọ̀nù, òun lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, èmi dúró sídìí ìwé kíkọ́ àwọn ọmọ. Ẹni ọdún 56 ni. Mo mọ̀ pé tí ẹ bá gbọ́ "kọ̀ǹpútà eré", ọmọ ọdún 14 ló máa wá sí yín lọ́kàn. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà tó pè mí. Mo ní, "Ta lo fẹ́ rà á fún?" Ó ní, "Ara mi."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Táyé ti wà ní Calgary, ní Kánádà, láti nǹkan bí ọdún méjì. Kẹ́hìndé wà ní Glasgow. Tí ìyá wọn bá pe Táyé lórí fóònù, "Dáadáa ni mo wà, Mọ́mì. Mo ti jẹun, Mọ́mì," ọ̀rọ̀ tán nìyẹn, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Àìkú, òun àti ìkejì rẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì gbáko, nítorí pé wọ́n jọ ń gbá Rocket League. Ibẹ̀ ni Kẹ́hìndé ti gbọ́ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ Táyé. Ó ti tó oṣù méjì kí ọ̀rọ̀ náà tó ṣèèṣì já bọ́ lẹ́nu Kẹ́hìndé sétí ìyá wọn. "Ọmọ tí mo gbé pọ̀n," ló wí fún mi. "Àwọn àjèjì tí wọ́n jọ ń gbá géèmù ti gbọ́ ṣáájú mi."

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé Ìyá Ìbejì yìí kan náà ló máa ń fa wáyà géèmù yọ lára ògiri nígbà tí àwọn ọmọ náà wà ní ọdún 12. Ojú mi ló ṣe lọ́jọ́ tó gbé e lọ tì mọ́ inú bóòtù ọkọ̀ rẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ Rocket League, mọ́tò ló ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù náà ga ju mọ́tò lọ, ìṣẹ́jú márùn-ún ni ìdíje kan, ẹni mẹ́ta sì ni ẹgbẹ́ kan nínú irú èyí tí àwọn ìbejì fẹ́ràn. Àwọn jẹ́ méjì. Ẹni tí wọn kò mọ̀ rí ni wọ́n máa ń mú ṣe ẹnìkẹta. Àyè yẹn ni ìyá wọn ń wá.

Ó ti dé ṣọ́ọ̀bù kan kí ó tó pè mí. Wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà kan hàn án tó ń tan iná pupa, tó ń tan iná ewé, bí ilé ní ọjọ́ Kérésìmesì. Pọ́n-ùn 950 ni, yóò máa san án díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́ta pẹ̀lú èlé. Owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an kò ju 300 lọ, owó àfikún iṣẹ́ òru ni. Mo ní kó má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan.

Ẹ̀yin òbí, ibi tí owó ti ń ṣòfò nìyí. Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù láìmọ ohun tó fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe, ẹni tó ń tajà ló máa bá a mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè méjì péré ni mo bi Ìyá Ìbejì: eré wo lo fẹ́ ṣe, ojú mónítọ̀ wo lo sì fẹ́ fi wò ó? Eré tó dárúkọ, ọdún 2015 ló jáde, ó sì ti di ọ̀fẹ́ láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020. Kò le fún kọ̀ǹpútà rárá. Mónítọ̀ tó sì wà nílẹ̀ ni ògbólógbòó mi tó jẹ́ 1080p, tí kì í fi ju àwòrán 60 hàn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kọ̀ǹpútà tó ń ya àwòrán 240 ní ìṣẹ́jú-àáyá fún irú mónítọ̀ bẹ́ẹ̀ dà bí ẹni tó gún iyán ogún ènìyàn sílẹ̀ de àlejò mẹ́ta.

Kí n má tan yín jẹ: tó bá jẹ́ eré yìí nìkan ni, ẹ̀rọ géèmù àlòkù tí a ń so mọ́ tẹlifíṣàn ìbá ti dín owó kù, nítorí ẹni tó wà lórí rẹ̀ lè bá ẹni tó wà lórí kọ̀ǹpútà gbá a. Ṣùgbọ́n Ìyá Ìbejì ní àwọn ẹ̀kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó gbọ́dọ̀ máa ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ ti gbó, kò sì lè gbé Windows 11. Bẹ́ẹ̀ ni Windows 10 náà, ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni ìtọ́jú ọ̀fẹ́ rẹ̀ dópin. Nítorí náà a pinnu láti to kọ̀ǹpútà.

Pọ́n-ùn 300 kò lè ra ohun gbogbo ní tuntun. Àlòkù ló kù. Ní Èkó, tòkunbọ̀ là bá máa pè é, ìyẹn ohun tó ti òkè òkun dé. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi wá bi mí pé, nígbà tó jẹ́ òkè òkun yìí gan-an la wà, ibo ni tiwa ti bọ̀? Mi ò rí èsì fún un. Àlòkù náà la ṣá ń pè é.

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 la bẹ̀rẹ̀ sí í rà á. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà ni Ryzen 5 3600, tó jáde ní 2019, pọ́n-ùn 40, pẹ̀lú fáànù rẹ̀. Bọ́ọ̀dù tí a gbé gbogbo rẹ̀ lé jẹ́ irú B450, pọ́n-ùn 45. Graphics card, ìyẹn èyí tó ń ya àwòrán, ni GTX 1660 Super, òun náà jáde ní 2019, pọ́n-ùn 75. RAM 16GB, méjì oní-8 tí a tì sínú ihò méjì, pọ́n-ùn 25. Ẹ má fi èyí díwọ̀n ọjà òní, nítorí láti ìparí ọdún 2025 ni RAM ti gbówó lórí gan-an. Àlòkù ni gbogbo ìwọ̀nyí. Àwọn tí a rà ní tuntun ni SSD 500GB, tí í ṣe àká ibi tí gbogbo ẹrù wà, pọ́n-ùn 30. Àpótí irin tí a kó wọn sí, pọ́n-ùn 35. Àti power pack, pọ́n-ùn 48. Tí ẹ bá ṣírò rẹ̀, 298 ni. Owó Windows kò sí nínú rẹ̀, Kẹ́hìndé ló san ìyẹn fún ìyá rẹ̀. Máòsì àti kíbọ́ọ̀dù ti wà nílé.

Ìyá Ìbejì bá mi jà lórí power pack. Ó ti rí àlòkù kan ní pọ́n-ùn 15, ó sì fẹ́ fi 33 tó bá ṣẹ́kù ra fáànù tó ń tàn. Mo kọ̀ jálẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú àpótí yẹn, power pack nìkan ló ń gba iná 230 lójú ògiri tó ń sọ ọ́ di iná kékeré tí àwọn yòókù lè mu. Ọpọlọ àlòkù tó bá kú, òun nìkan ló kú. Power pack tó bá bàjẹ́ lè pa gbogbo wọn. Ẹ kò sì lè mọ ọjọ́ orí rẹ̀ ní wíwò, ẹ kò sì gbọdọ̀ tú u wò láé, nítorí iná máa ń sá pamọ́ sínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́ lára ògiri. Ti agbára rẹ̀ kò nira láti ṣírò: ọpọlọ wa ń gba nǹkan bí 65 watt, graphics card ń gba 125, àwọn yòókù kò tó 100. Èyí tó jẹ́ 550 watt ti tó, àjẹṣẹ́kù ló ní. Owó 850 watt tí ọmọkùnrin ṣọ́ọ̀bù ń pè fún un, owó ìrànù ni.

Ọ̀nà méjì la gbà ra àwọn àlòkù náà, ẹ sì jọ̀wọ́ ẹ mọ ìyàtọ̀ wọn. Tí ẹ bá rà á lọ́wọ́ oníṣòwò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, òfin tí wọ́n ń pè ní Consumer Rights Act ti ọdún 2015 fún yín ní ọjọ́ 30 láti dá ohun tó ní àbùkù padà kí ẹ sì gba owó yín, bó tilẹ̀ jẹ́ àlòkù. Tó bá jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ta nǹkan ilé ara rẹ̀ ni, ààbò yìí kò sí. Ohun tó pọn dandan fún un ni pé kí ohun tó tà bá bó ṣe júwe rẹ̀ mu, kó sì jẹ́ tirẹ̀ láti tà. Nítorí náà, nígbà tí mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Croydon láti gba graphics card náà, mi ò yọ owó títí ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi tan kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó sì gbá géèmù fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójú mi. Mo tẹ́tí sí fáànù rẹ̀ bóyá ó ń han. Mo wo ojú mónítọ̀ bóyá ó ń ṣe wínníwínní. Ìyá rẹ̀ gbé tíì wá fún mi. Bí ẹni tó fẹ́ tajà kò bá gbà kí ẹ rí i kó ṣiṣẹ́, ẹ máa lọ sílé yín.

Sátidé tí ẹ rí wa yẹn, lẹ́yìn tí kíláàsì parí, àwọn ọmọ mẹ́rin nínú àwọn àgbà dúró tì mí pẹ̀lú àṣẹ òbí wọn. Òfin kan ṣoṣo ni mo ṣe: Yorùbá nìkan. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé "fi síbẹ̀" kò tó. RAM, à ń tì í wọlé títí yóò fi dún tó. Ọpọlọ, a kì í tì í, ẹsẹ̀ 1331 ló ní lábẹ́, wọ́n sì tín-ín-rín bí irun, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ là ń gbé e kalẹ̀ kí ó fúnra rẹ̀ rì sínú ihò. Skúrù, à ń dè é, ṣùgbọ́n a kì í dè é pa. Ọmọ kan tó ti ń bá mi fa "I don't know the word" láti oṣù Kìíní ló pariwo mọ́ ẹnìkejì rẹ̀ pé, "Rọra o! O máa kán an!" Mo ṣe bí ẹni pé mi ò gbọ́, kí n má bàa dójú tì í.

Ìyá Ìbejì ti ibi iṣẹ́ òru dé tààrà, ó jókòó lórí àga pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lábẹ́ kóòtù rẹ̀. Nígbà tí a to gbogbo rẹ̀ tán, mo ní kó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tan án.

Ó tẹ bọ́tìnnì. Fáànù yí. Iná bọ́ọ̀dù tàn. Mónítọ̀ dúdú kirikiri.

Ohun tí mo kọ́kọ́ wò ni wáyà mónítọ̀, nítorí àṣìṣe gbogbo ayé ni láti fi í sí ihò ara bọ́ọ̀dù dípò ti graphics card. Kì í ṣe òun. A yọ RAM, a tún un tì. Kì í ṣe òun. A tú power pack, a tún un so. Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n. Ọmọ tó kéré jù nínú wọn bi mí pé ṣé ó ti kú ni. Ìyá Ìbejì kò bi mí ní nǹkan kan, ó kàn ń wo tábìlì. Mo mọ iye òru tó wà lórí tábìlì yẹn. Nígbà tó yá ó dìde, ó ní òun fẹ́ lọ sùn díẹ̀ kí òun tó padà síṣẹ́, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọpẹ́ yẹn ló dùn mí jù.

Ẹ̀bi mi ni, mo sì mọ ẹ̀bi náà kí n tó délé. Irú bọ́ọ̀dù B450 jáde ní ọdún 2018. Ọpọlọ tí a rà, 2019. Inú gbogbo bọ́ọ̀dù ni ètò kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní BIOS, òun ló máa ń jí kí ohunkóhun tó jí, òun ló sì máa ń mọ ẹni tó wà nílé. Bọ́ọ̀dù tiwa kò tíì gba BIOS tuntun láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Ó dà bí ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún pé àlejò ń bọ̀. Kò sí ohun tó bàjẹ́, wọn kò kàn mọ ara wọn ni. Mo yẹ kí n ti béèrè lọ́wọ́ ẹni tó tà á bóyá ó ti ṣe é, gbólóhùn kan ni ìbá gbà. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ra irú rẹ̀, ẹ béèrè.

Ṣùgbọ́n láti fún un ní BIOS tuntun, ọpọlọ tí bọ́ọ̀dù náà mọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà nínú rẹ̀. Àwọn bọ́ọ̀dù kan wà tó ní bọ́tìnnì pàtàkì fún èyí, tiwa kò ní. Mo fi ọ̀rọ̀ náà sórí WhatsApp àwọn òbí. Bàbá ọmọ kan nínú kíláàsì àwọn kékeré, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, dá mi lóhùn láàárín wákàtí kan: "Ẹ má dààmú, Màámi. Mo ní Ryzen 5 2600 nílé tó ń jókòó lásán." 2018 ni ìyẹn. Ó gbé e wá ní Sátidé kejì, inú ìbọ̀sẹ̀ ọmọ rẹ̀ ló fi wé e.

Òun ló kọ́ mi ní ohun tí mi ò mọ̀: tí ẹ bá fẹ́ yọ fáànù orí ọpọlọ, ẹ má fà á sókè bí ẹni fa gbágùúdá tu. Ọ̀rá tó wà láàárín wọn máa ń lẹ̀ bí àtè, yóò sì fa ọpọlọ náà jáde pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ rọra yí i sọ́tùn-ún, sósì, títí yóò fi tú. A fi 2600 sí i, mónítọ̀ tàn, àwọn ọmọ hó yèè. A fi BIOS tuntun sí i láti orí USB. Bí iná bá lọ láàárín ìgbà yẹn, bọ́ọ̀dù lè kú pátápátá, ni mo bá ní kí ọmọ méjì dúró ti ihò iná ní ògiri bí sójà. Lẹ́yìn náà a yọ 2600, a nu ọ̀rá àtijọ́ kúrò, a kán ọ̀rá tuntun bí ẹyọ ẹ̀wà kan sí orí 3600, a dá fáànù padà. Ó tàn.

A sì rí i pé bọ́ọ̀dù náà kò ní Wi-Fi. Èmi tí mo ń ṣe ọ̀gá kò wo ìyẹn rárá. Pọ́n-ùn 12 la fi ra èyí tí a ń tì bọ ihò USB, gbogbo owó wá di 310. Mo san 10 tó lé.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e mo wà nílé Ìyá Ìbejì ní agogo mẹ́jọ alẹ́. Agogo kan ọ̀sán ni ní Calgary. Kẹ́hìndé ní kí a yan sáfà ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, kí ọ̀nà má bàa jìn jù fún ẹnikẹ́ni. Ìyá Ìbejì so agbọ́rọ̀sétí mọ́rí bí awakọ̀ òfuurufú. Mọ́tò rẹ̀ kọ́kọ́ gun ògiri. Ó yí padà, ó fi gbogbo agbára gbá bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n tiwọn fúnra wọn. Mo gbọ́ ẹ̀rín àwọn ọmọ náà láti inú agbọ́rọ̀sétí, láti ibi tí mo jókòó sí. Wọ́n fìyà jẹ wọ́n 7 sí 1. Wọ́n fìyà jẹ wọ́n lẹ́ẹ̀kejì.

Ó ti tó wákàtí kan kí Táyé tó sọ ọ́, nígbà tí wọ́n ń dúró de alátakò mìíràn. Mi ò gbọ́ tirẹ̀, ti ọ̀rẹ́ mi ni mo gbọ́. Ó dákẹ́ díẹ̀. Kò yí ojú kúrò lára mónítọ̀. Ó ní, "Oṣù mélòó?" Ó tún dákẹ́. Ó ní, "Owó ilé ńkọ́?" Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọjọ́ Ẹtì? Agogo mélòó ni wọ́n ní kí o wá?" Ó nawọ́ sí mi fún bírò, mo fún un, ó kọ ọ́ sẹ́yìn páálí SSD.

Lójijì ó pariwo, ó ju bírò sílẹ̀, ó di kíbọ́ọ̀dù mú. Bọ́ọ̀lù ti ń bọ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ní kó ṣọ́ àwọ̀n.